Ọkọ̀ Olóyè Kì í Dọ̀bálẹ̀

Bí ẹ bá pàdé Olóyè Ẹnìtàn Ajíbóyè nígbà tí nǹkan ṣì ń ṣẹnuure fún un, tí ẹ kàn sọ pé "Ẹ káàárọ̀, sà," tí ẹ sì ń bá tiyín lọ, ẹ ti dá ọ̀ràn nìyẹn. Olóyè kì í ṣe ẹni à ń kí nínàró. Orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ ní Bódìjà gùn débi pé ilẹ̀kùn ò gbà á tán, ara ògiri ni wọ́n ti parí ẹ̀: Onímọ̀-Ẹ̀rọ, Olóyè, Dókítà, Alàgbà Ẹnìtàn Ajíbóyè, Amúlùúdùn Àkọ́kọ́, Aṣíwájú Gbogbo Aṣíwájú, Olùgbàlà Àwọn Ará Àdúgbò. Ẹ má bi mí pé ẹ̀rọ wo ló mọ̀. Èmi náà ò bi í.

Àjọ Amójú-Títì-Tẹ́jú ló ń darí. Iṣẹ́ àjọ náà ò le: bí kòtò bá wà lójú títì, kí wọ́n lọ dí i, kí ojú ọ̀nà tẹ́jú, kí aboyún tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá má baà bímọ sójú ọ̀nà. Ó tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níwájú ipò Olóyè tó ń dùn ún wọ eegun. Adelé ni. Adelé Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n fi í ṣe, kì í ṣe Ọ̀gá Àgbà gan-an. Bí òkúta wẹ́wẹ́ inú bàtà ni ọ̀rọ̀ yẹn rí fún un. Bó bá ti gbọ́ ọ báyìí, á fẹ́ jókòó.

Ẹni tó lè bá a yọ òkúta náà ni Alhaja Zùwáírátù, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àjọ. Ọmọ bíbí ìlú ni Alhaja, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì sì ni wọ́n. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í gbàgbé nǹkan. Wọ́n ti sọ ọ́ ní gbangba pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí títì tuntun ní Baṣọ̀run, ibẹ̀ làwọn á ti kéde bóyá Olóyè á di ọ̀gá gidi àbí á gba ilé ẹ̀ lọ. Látọjọ́ náà ni Olóyè ò ti lè sùn dáadáa. Á la ojú sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa sọ "Ọ̀gá Àgbà, Ọ̀gá Àgbà" lábẹ́lẹ̀, títí Àbẹ̀ḿbí ìyàwó ẹ̀ á fi bi í léèrè pé ta ló ń pè.

Àsìkò yìí ni wọ́n gbé ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tuntun fún àjọ náà. Kì í ṣe ọkọ̀ elépo o. Oníbátìrì ni, èyí tí wọ́n ń ṣájì bíi fóònù. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi kó ọ̀dà àti òkúta wẹ́wẹ́ lọ dí kòtò. Olóyè wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń dán, ó ní, "Òkúta wẹ́wẹ́ kẹ̀? Nínú èyí?" Ọjọ́ náà ló fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ṣọ́bìrì, yẹ̀pẹ̀, tàbí ohunkóhun tó ní eruku sẹ́yìn ọkọ̀ òun. Ṣé ẹ mọ̀ pé iná ọba kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró? Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń ṣájì ọkọ̀ tí kì í mu epo. Nígbà tí èéfín jẹnẹrétọ̀ náà bá bo gbogbo ọgbà, Olóyè á jáde wá, á wúkọ́ díẹ̀, á ní, "Afẹ́fẹ́ tó mọ́ nìyí."

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń lọ títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Àbẹ̀ḿbí ń gbálẹ̀ níwájú ilé. Obìnrin yìí fẹ́ràn àwàdà ju oúnjẹ lọ. Sùlàímọ́nù dírẹ́bà wa ọkọ̀ wọlé, ó dúró síwájú rẹ̀. Àbẹ̀ḿbí dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró, ó wo ọkọ̀ náà, ó ní:

"Háà! Ẹ wo ọmọ dáadáa! Ọkọ̀ yín mọ èèyàn kí ju àwọn òṣìṣẹ́ yín lọ o, Baálé mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Ó tó, ó tó, dìde, ọmọ mi, wàá dàgbà."

Sùlàímọ́nù bú sẹ́rìn-ín. Olóyè ò rẹ́rìn-ín. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó bẹ̀rẹ̀, ó nàró, ó di ojú kan. Òótọ́ ni! Iwájú ọkọ̀ wálẹ̀, ìdí ẹ̀ ga sókè, àfi bí ọmọ tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ẹ̀. Òógùn bo Olóyè. Gbogbo ibi tó ti gbé ọkọ̀ yìí dé ló rántí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ òun ti dọ̀bálẹ̀ fún wọ́dà tó ń darí ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀! Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó ń ta páànù ní Challenge! Lánàá òde yìí, ní Agbowó, ewúrẹ́ kan dúró sáàárín títì, ọkọ̀ sì dúró, ó tẹrí ba fún un, ewúrẹ́ náà ò tiẹ̀ dáhùn!

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ mọ ìdí ẹ̀, àbí? Ọkọ̀ akẹ́rù ni. Àwọn tó ṣe é gbé ìdí ẹ̀ ga nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹrù ń bọ̀ níbẹ̀. Bí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́, ìdí á wálẹ̀, ọkọ̀ á sì tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún Olóyè? Onímọ̀-Ẹ̀rọ ni.

Ìpinnu àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé kí Sùlàímọ́nù máa fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ wọ gbogbo gééètì. "Fi ìdí wọlé!" ló ń pariwo. "Kò sẹ́ni tí ọkọ̀ mi á tún tẹrí ba fún!" Àwọn tó wà létí gééètì wá ń wo ìdí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá wọn, wọn ò mọ̀ bóyá èébú ni àbí ìkíni. Lọ́jọ́ kan ó fi ìdí gbá igi àgbálùmọ̀ tó wà nínú ọgbà ọ́fíìsì. Mujeeb sì sọ pé igi náà ló ń wá ìbùkún.

Mo gbàgbé láti fi Mujeeb hàn yín. Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Ọ̀rọ̀ Iyì ni. Ìwọ̀nyí niṣẹ́ rẹ̀: bí Olóyè bá sín, kí Mujeeb sọ pé sísín náà bọ́ sásìkò, bí Olóyè bá ṣìnà, kí ó sọ pé ọ̀nà ló ṣì. Ó mọ iṣẹ́ náà dénú, kò gba ìsinmi rí.

Olóyè pe ìpàdé pàjáwìrì. Gbogbo òṣìṣẹ́ àjọ pátá, títí dórí àwọn tó ń ro ọ̀dà, ló pé sí gbọ̀ngàn. Olóyè dìde, ó gbọn agbádá, ó wo òkè àjà bí ẹni tí omijé fẹ́ bọ́ lójú ẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "ilẹ̀ ti mọ́ bá wa lónìí nínú ìtìjú. Èmi tí mi ò dọ̀bálẹ̀ fún àna mi tán kí wọ́n tó ní kí n dìde! Èmi tí ọrùn mi ò tẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti gba oyè! Ọkọ̀ mi, ọkọ̀ tí mò ń jókòó sínú ẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé ara mi yìí kiri, ó ń dọ̀bálẹ̀! Fún ta ni? Fún lágbájá àti làmọ̀rín! Ṣé ìlú á gbọ́ pé ọkọ̀ Ọ̀gá Àgbà ń dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́?"

"Ká má rí i!" ni Mujeeb ké, ó sì dojú bolẹ̀ sórí tábìlì.

"Ká má rí i!" ni gbogbo ilé dáhùn.

Láwùmí, ọmọbìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ títì Baṣọ̀run, nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, títì yẹn ti parí, àmọ́ kòtò ńlá kan ṣẹ́kù lẹ́nu ibi tí wọ́n á ti wọ̀ ọ́. A nílò ọkọ̀ tó máa gbé ọ̀dà."

Olóyè wò ó látòkè délẹ̀. "Kòtò," ó ní. "Ọmọ yìí, ṣé kòtò ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i gidi. Láwùmí jókòó. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Agbórí-Ọkọ̀-Sókè sílẹ̀, gbogbo ẹni tó yẹ kó lọ dí kòtò ni wọ́n sì fi sínú ẹ̀. Kòtò náà dúró síbi tó wà, ó ń retí wọn.

Ìgbìmọ̀ bá gbéra, ó di Ring Road, lọ́dọ̀ Godswill mẹkáníìkì. Ẹnu Godswill mú ju irinṣẹ́ ẹ̀ lọ. Kò tíì rí ọkọ̀ oníbátìrì sójú rí, àmọ́ ó lu ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbà bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà.

"Ọ̀gá, nó wàhálà," ó ní. "Sípíríǹgì iwájú ló kúrú. Mo máa fi irin roboto tì í lábẹ́, orí á gbé sókè. Ẹ̀yin ẹ lọ jókòó, kí ẹ mu nǹkan tútù."

Ó jáàkì ọkọ̀, ó rá pálá wọ abẹ́ ẹ̀, ó fi irin ti sípíríǹgì ọ̀tún àti tòsì, ó sì jáde. Ní tòótọ́, ọkọ̀ ti tẹ́jú. Olóyè ní kí wọ́n gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì wá, irinṣẹ́ tí àwọn bíríkìlà máa fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú. Àjọ Amójú-Títì-Tẹ́jú ní ọ̀kan, inú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá ló ṣì wà. Ọjọ́ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ tú u. Wọ́n gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, omi inú ẹ̀ sì dúró sáàárín gẹ́lẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ká ní wọ́n ti bá a lọ sílé látibẹ̀ ni, mi ò bá má ní ìtàn kankan sọ fún yín.

Àmọ́ Mujeeb fọwọ́ lẹ́rán. "Sà," ó ní, "ó tẹ́jú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tẹrí ba, tí kò sì gbórí sókè, ó ń bá gbogbo ayé dọ́gba nìyẹn. Sà, ta lẹ bá dọ́gba?"

Ẹ̀rín Olóyè pòórá. "Òótọ́ lo sọ. Godswill, fi òmíràn sí i."

"Ọ̀gá, èyí tó wà níbẹ̀ yẹn tó o. Mo lè fi òmíràn lé e, àmọ́..."

"Àmọ́ kí ni?"

Godswill wo ojú Olóyè, ó wo àwọn oníbàárà mìíràn tó ń wò ó, ọlá iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sì gùn ún. "Àmọ́ kò sóhun tí Godswill ò lè ṣe!" ló wí, ó sì tún rá pálá padà sábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó máa jáde, imú píkọ́ọ̀pù náà ti ga díẹ̀, bíi ti ẹni tó gbóòórùn tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Inú Olóyè dùn débi pé ó ní kí wọ́n máa fi iwájú wọ gééètì padà.

Àbẹ̀ḿbí rí i lálẹ́, ó patẹ́wọ́. "Ẹ̀hẹn! Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ ti wá yájú. Ẹ ṣọ́ ọ o, Baálé mi, kó má lọ fojú di àgbà."

"Àgbà wo?" ni Olóyè dáhùn. "Èmi làgbà."

Ọjọ́ ìṣíde títì pé. Olóyè ti gbẹ́ òkúta ìrántí kan sílẹ̀, òkúta dúdú tó ń dán, tí wọ́n máa rì sẹ́bàá ọ̀nà. Nítorí pé oyè ẹ̀ pọ̀, òkúta kékeré ò gba orúkọ tán. Wọ́n wá òkúta tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Gbogbo oyè ló wà níbẹ̀, "Ọ̀gá Àgbà" sì wà lókè pátápátá. Ẹ wá adelé títí, ẹ ò ní rí i. Alhaja ò tíì kéde nǹkan kan o, àmọ́ òkúta ti mọ̀.

Àwọn géńdé gbé òkúta náà sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, wọ́n ń mí hẹlẹ. Ẹrù àkọ́kọ́ tó máa wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé: oyè Olóyè. Mujeeb àti Ìgbìmọ̀ Agbórí-Ọkọ̀-Sókè fò gun orí ẹ̀, gbogbo wọn sanra dáadáa, nítorí ìpàdé wọn kì í ṣaláì ní oúnjẹ. Ìdí ọkọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Imú ẹ̀ bá gbéra, ó lọ sókè, ó tún lọ sókè, ó wá kọjú sójú sánmà.

Sùlàímọ́nù jókòó sáyè dírẹ́bà, ó na ọrùn. "Olóyè, mi ò rí títì mọ́ o. Ojú ọ̀run nìkan ni mò ń rí."

"Ibẹ̀ ni ẹni ńlá máa ń wò," ni Olóyè wí. "Wà á lọ."

Sùlàímọ́nù bá yọ orí síta ní fèrèsé, ó ń fi ojú kan wá ọ̀nà láti Bódìjà. Àwọn ọlọ́kadà ń yà fún wọn, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sá tẹ̀lé wọn. Olóyè ò rí ẹnì kan. Ó fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju orí ẹ̀ lọ, ó ń wo kùrukùru, ó sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó máa sọ nígbà tí wọ́n bá yọ adelé. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ó dá a lójú pé lálẹ́ ọjọ́ náà, òun á sùn.

Ní Baṣọ̀run, Alhaja Zùwáírátù jókòó lábẹ́ kánópì níwájú títì tuntun, wọ́n fi ìborùn funfun borí, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ náà yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Píkọ́ọ̀pù ń bọ̀ láìpariwo, bátìrì kì í dún, imú ẹ̀ ga fíofío, gíláàsì iwájú ẹ̀ ò sì wo ẹnikẹ́ni. Alhaja dáwọ́ tẹ̀sùbáà dúró.

"Láwùmí," wọ́n pe ọmọbìnrin tó dúró tì wọ́n, "ta ni ọkọ̀ yẹn ń yínmú sí?"

Láwùmí wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀. "Ó jọ pé ẹ̀yin ni, Mọ̀mí."

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni Alhaja wí.

Ṣé ẹ rántí kòtò wa? Ó ṣì ń retí. Sùlàímọ́nù ò rí i, imú ọkọ̀ bò ó lójú. Táyà iwájú kó sí i, gbì! Irin tí Godswill tì sábẹ́ sípíríǹgì fò dànù. Táyà ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, gbòà! Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ já sílẹ̀, Ìgbìmọ̀ Agbórí-Ọkọ̀-Sókè sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí iṣu tó já nínú àpò. Ẹ̀rù ba Sùlàímọ́nù, ó tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọkọ̀ oníbátìrì yìí, wọn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fò síwájú fìrì, òkúta ìrántí yọ̀ jáde látẹ̀yìn, ó sì bọ́ sínú kòtò náà, ó jókòó síbẹ̀ pẹrẹsẹ, orúkọ kọjú sókè.

Ọkọ̀ sáré dé iwájú Alhaja kí Sùlàímọ́nù tó rí búrékì tẹ̀. Ẹrù ti kúrò lẹ́yìn, irin ti kúrò níwájú. Ìdí ọkọ̀ dìde. Orí ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wálẹ̀ kọjá ti tẹ́lẹ̀, títí imú ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ lẹ́sẹ̀ Alhaja.

Olóyè ò mọ èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣì rò pé òkè lòun wà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn, ilẹ̀ sì tètè dé ju bó ṣe rò lọ. Agbádá há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Olóyè ṣubú gbalaja, àyà kanlẹ̀, fìlà yí lọ, ọwọ́ méjèèjì nà síwájú. Òun lápá ọ̀tún, ọkọ̀ lápá òsì, wọ́n jọ dọ̀bálẹ̀. Irú ìdọ̀bálẹ̀ tó péye bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé òde òní, mo sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́.

Alhaja wo àwọn méjèèjì. Ìkíni ni ìkíni, àgbà sì gbọ́dọ̀ dáhùn. "Ó tó, Ẹnìtàn," wọ́n ní, "dìde. Mo gba ìkíni yín, ìwọ àti ọkọ̀ ẹ."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Mujeeb, tí eruku bò, ń rá bọ̀ látẹ̀yìn. "Mọ̀mí Alhaja," ó ké, "ó bọ́ sásìkò!" Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe, ẹ má bínú sí i.

Alhaja dìde, wọ́n rìn lọ síbi kòtò. Wọ́n wo òkúta dúdú náà, wọ́n ka gbogbo oyè tán láìyára, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé ṣe ń ka iṣẹ́ ọmọ tó jíwèé wò. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Kò mì.

"Mi ò rí Adelé níbí," wọ́n ní.

"Mọ̀mí, ọwọ́ agbẹ́kùúta ló..." ni Olóyè bẹ̀rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti yọ ọ́. Ìwọ kì í ṣe adelé mọ́ láti òní lọ. O kì í sì í ṣe ọ̀gá. Máa lọ sílé, ọmọ mi." Wọ́n yíjú sí Láwùmí. "Ìwọ ni kó o máa báṣẹ́ lọ. Ẹ má sì yọ òkúta yìí o. Láti ọjọ́ tí Ẹnìtàn ti dé orí oyè, kòtò kan ṣoṣo tí mo rí i pé ó dí nìyí."

Láwùmí ní kí wọ́n rọ ọ̀dà yí òkúta náà ká. Ó kàn ga ju títì lọ díẹ̀, bí ọkọ̀ bá gùn ún á dún gbì. Ẹ mọ àwọn ará Ìbàdàn: kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ di ibùdókọ̀. Bí o bá wọ kẹ̀kẹ́ báyìí, tí o ní "Olóyè ni mo ti máa bọ́ o," kò sí ẹni tó máa bi ọ́ pé olóyè wo.

Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Olóyè, òun náà wá ń wọ kẹ̀kẹ́. Ó jókòó sáàárín obìnrin kan tó gbé adìyẹ àti ọkùnrin gìrìpá kan tó ń sùn lé e léjìká. Nígbà tí wọ́n dúró ní ibi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, píkọ́ọ̀pù kan yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìdún. Olóyè mọ̀ ọ́n. Òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ̀dà kún ẹ̀yìn ẹ̀ dẹ́nu, ṣọ́bìrì dúró lórí ẹ̀, eruku bò ó. Iwájú ò wálẹ̀, ẹ̀yìn ò ga. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Olóyè wò ó títí ó fi kọjá.

Kẹ̀kẹ́ gùn nǹkan kan, gbì. Ojú Olóyè rọ́ pọ̀, bí ẹni pé àyà ẹ̀ ni wọ́n gùn.

Ọlọ́kẹ̀kẹ́ yí ọrùn padà. "Ta ni Olóyè níbí?"

Adìyẹ nìkan ló ké.

"Mo ní ta ni Olóyè o? Ẹ má jẹ́ kí n gbé yín kọjá o!"

"Èmi ni," ni Ẹnìtàn Ajíbóyè wí. Ó tẹrí ba kí orí ẹ̀ má baà gbá irin òkè kẹ̀kẹ́, ó sì bọ́ sílẹ̀.